Bí Ẹ Ṣe Pẹ́ Tó Nídìí Gbígbọ́: Ìdáhùn sí Àwọn Òǹkàwé Wa Lórí Ìgbì àti Sípẹ́kítírọ̀mù

Ìwé tí ẹ kọ sí wa lẹ́yìn àròkọ oṣù tó kọjá lórí FFT pọ̀ gan-an. FFT ni ìṣirò tó ń tú ìgbì kan palẹ̀ sí àwọn fíríkúẹ́ǹsì tó parapọ̀ di í; àwòrán tó ń fi bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe lágbára tó hàn là ń pè ní sípẹ́kítírọ̀mù. Ọ̀nà yíyára tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣe é di mímọ̀ káàkiri láti ọ̀dọ̀ Cooley àti Tukey lọ́dún 1965. Hz tí ẹ ó máa rí nísàlẹ̀ ni iye ìgbà tí nǹkan lọ tó tún bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. A mú ìbéèrè mẹ́fà, láti ọwọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń yọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu: ohun tí ẹ̀rọ kò gbọ́ nígbà tó yẹ kó gbọ́ ọ, kò sí ìṣirò tó lè dá a padà lẹ́yìn náà.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Sípíkà wa ń kùn hùùù ṣáá. Mo gbé áàpù sípẹ́kítírọ̀mù sórí fóònù, ó ní 46.9 Hz ni kíkùn náà. Ṣé iná NẸ́PÀ kì í ṣe 50 ni? Nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀, 46.9 náà ló tún sọ. Ṣé fóònù mi ti bàjẹ́ ni?

Fóònù yín kò bàjẹ́. Áàpù náà ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kó kíkà 1,024 jọ kó tó ṣírò. Ẹ fi 1,024 pín 48,000, ẹ ó rí 46.875. Àlàfo tó wà láàárín ilà kan àti èkejì lójú àwòrán yẹn nìyẹn. Ilà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òdo wà ní 46.9, èkejì wà ní 93.8, ẹ̀kẹta ní 140.6. Kò sí ilà kankan ní 50. Ohun tó bá ń kùn ní 50 á lọ jókòó sórí 46.9 tó sún mọ́ ọn jù, ìyókù á sì dà sára àwọn ilà tó yí i ká. Ìdí nìyẹn tí NẸ́PÀ àti jẹnẹrétọ̀ fi ń gba nọ́ńbà kan náà.

Ẹ tún wò ó báyìí: kíkà 1,024 yẹn kò ju ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 50 sì nílò ìdá 20 kó tó lọ kó tó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni fóònù gbọ́ ọ kó tó dájọ́. Òfin tó wà níbẹ̀ rọrùn láti rántí: bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan gbọ́, ẹ ó lè ya fíríkúẹ́ǹsì méjì tó fi nǹkan bíi 1 Hz jìnnà síra, bí ẹ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá gbọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 10 Hz jìnnà síra.

Ẹ wọ ibi ètò áàpù náà, ẹ wá ibi tó kọ FFT size, kí ẹ sì gbé e sí 65,536. Àlàfo á wá di 0.73 Hz, áàpù á sì máa gbọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 1.37 lẹ́ẹ̀kan. Níbi tó kọ window, ẹ mú Hann, fèrèsé tó ń rọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí fèrèsé yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ohùn tí ẹ gé á dà bí ẹ̀bá ògiri, agbára á sì máa jò sórí àwọn ilà mìíràn: jíjò tó tóbi jù á wà ní 13 dB (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fi agbára ohùn wéra) péré nísàlẹ̀ ṣóńṣó gangan. Hann gbé e lọ sí nǹkan bíi 31 dB nísàlẹ̀. Owó tí ẹ ó san fún un ni pé ṣóńṣó náà á fẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Ẹ má sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré. Ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ló gbọ́dọ̀ yí kó tó fún yín ní 50 Hz. Bí fíríìjì bá bọ́ sí i lára, ó máa ń rẹlẹ̀, á sì tún gbéra. Ohun tó ń rìn kiri bẹ́ẹ̀ á fẹ̀ lójú àwòrán bí àsáró tó dànù.

Ní ti kíkùn fúnra rẹ̀, ẹ wo àwọn tó tẹ̀ lé ṣóńṣó àkọ́kọ́. Bí 100, 200 àti 300 bá ga, inú ampilifáyà ni ìṣòro sábà máa ń wà: iná tí wọ́n ti yí padà sí DC kò dọ́gba mọ́, kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì ti ń rẹ̀. Bó bá jẹ́ 50 àti 150 ló ga, ó ṣeé ṣe kí kébù máa gba iná láti ara wáyà iná tó wà nítòsí, tàbí kí míksà àti ampilifáyà gba wáyà earth lọ́nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ yọ kébù tó wọ ẹ̀yìn ampilifáyà. Bó bá ṣì ń kùn, ẹ gbé ampilifáyà lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ má ṣe ṣí i fúnra yín, nítorí kàpásítọ̀ náà lè gbá èèyàn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ nínú iná. Bó bá dákẹ́, ẹ kó míksà àti ampilifáyà sí ojú iná kan náà, kí ẹ sì lo kébù balanced. Àwọn kan máa ń gé wáyà earth kúrò nídìí púlọ́ọ̀gì kí kíkùn lè lọ. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é láé. Ẹni tó bá di máíkì mú níwájú pẹpẹ ló máa fi ara san án.

Ohun kan tó kù: máíkì inú fóònù kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa. 50 lè kéré sí 150 lójú àwòrán nígbà tó jẹ́ pé òun ló pọ̀ jù nínú sípíkà. Bí ẹ bá fẹ́ fi gíga wọn wéra, inú míksà ni kí ẹ ti gba ohùn sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilà tí ẹ̀rọ ECG wa, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ń fà sórí bébà nípọn bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀ẹ́dú fà. Bí mo bá tan asẹ́ 40 Hz, tó ń gé ohun tó bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń mọ́. Ṣé kí n kúkú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀. Bébà náà ń rìn mílímítà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà iná 50 Hz ń ya ìgbì méjì sínú mílímítà kọ̀ọ̀kan. Ojú kò lè yà wọ́n, òun ló fi dà bí ilà nínípọn. Asẹ́ 40 Hz pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún gé orí QRS, ṣóńṣó gíga tó ń yọ nígbà tí ọkàn bá lù, kúrú, ó sì gbo àwọn ẹ̀gún kéékèèké tí dókítà ń wá. ECG tí a fẹ́ fi mọ àìsàn gbọ́dọ̀ lọ láti 0.05 títí dé 150 Hz.

Ẹ nu awọ ara aláìsàn kó gbẹ, ẹ lo jẹ́ẹ̀lì tuntun, ẹ sì yẹ wáyà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún wò dáadáa, torí òun ni ẹ̀rọ fi ń bá iná ilé jà. Ẹ yọ ṣájà fóònù nítòsí, ẹ sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri tí wáyà gbà, ẹ sì fi bátìrì dán ẹ̀rọ náà wò. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ẹ tó tan asẹ́ 50 Hz nìkan. Asẹ́ ìsàlẹ̀ tí wọ́n gbé dé 0.5 Hz náà léwu: ó lè tẹ ibi ST, ìyẹn ibi tó tẹ̀ lé QRS, kí ọkàn tó dá ṣáká sì dà bí èyí tó ń ṣàìsàn. Ẹ máa kọ asẹ́ tí ẹ lò sórí bébà. Bí ilà náà bá kàn ń gbọ̀n ṣákálá láìdọ́gba, iṣan ara ni: òtútù ń mú aláìsàn. Ẹ dín ẹ̀rọ amúlétutù kù, kí ẹ sì da aṣọ bò ó.

Mo ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Mọ́tò pọ́ọ̀ǹpù wa ń yí ní ìgbà 1,440 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́árìn 6205 ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé fóònù lé e lórí pẹ̀lú áàpù tó ń ka gbígbọ̀n ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo rí ṣóńṣó ní 24 àti ní 14. Mo mọ 24, yíyí mọ́tò ni. Kí ni 14? Kò sí ohun tó ń yí bẹ́ẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ wa.

Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ, kò sí i. Ayédèrú ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí bẹ́árìn náà lórí ìwé. 6205 tó wọ́pọ̀ ní bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án nínú. Fífẹ̀ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 7.94, fífẹ̀ òbìrí tí àárín àwọn bọ́ọ̀lù náà ń tọ̀ sì jẹ́ 39.04. Ẹ fi 39.04 pín 7.94, ẹ ó rí 0.203. Bí ọgbẹ́ bá wà lára òrùka òde, iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń gbá a jẹ́ ìdajì mẹ́sàn-án, lọ́nà 24, lọ́nà (1 − 0.203). Ó jẹ́ 86 Hz. Bó bá jẹ́ òrùka inú ni, ẹ fi àmì ìròpọ̀ rọ́pò ìyọkúrò: 130 Hz.

Áàpù tó ń ka ìgbà 100 kò lè rí ohun tó bá ju 50 lọ bó ṣe rí gan-an. Nyquist ti tọ́ka sí i lọ́dún 1928, Shannon sì kọ ẹ̀rí rẹ̀ jáde lọ́dún 1949: kíkà yín gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì fíríkúẹ́ǹsì tó ga jù nínú ohun tí ẹ ń wọ̀n. Èyí tó bá kọjá á ṣẹ́rí padà bí ẹni tó kan ògiri: 100 yọ 86 kúrò, 14 ló kù. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí nínú fídíò: dánfó ń sáré lọ síwájú, táyà rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ láìdán an wò. Ẹ gbé kíkà áàpù náà lọ sí 200, bí fóònù yín bá gbà. Bí 14 bá jẹ́ ojúlówó, kò ní kúrò ní 14. Bó bá jẹ́ ayédèrú, á sá lọ sí 86 níbi tí ilé rẹ̀ wà. Àyẹ̀wò yìí ń ṣiṣẹ́ fún ohunkóhun tí ẹ bá ń wọ̀n, ó sì yẹ kí ẹ máa ṣe é kí ẹ tó ná owó. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé gbígbọ̀n 100 Hz tí iná máa ń fà nínú mọ́tò á ṣẹ́ sórí òdo bí ẹ bá ń ka ìgbà 100. Ẹ ò tiẹ̀ ní rí i rárá. Bí ẹ bá pa iná mọ́tò, tí gbígbọ̀n kan sì kú lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ṣì ń yí, ti iná nìyẹn, kì í ṣe ti bẹ́árìn.

Bí 86 bá ti hàn gbangba báyìí, kí ẹ máa wá bẹ́árìn tuntun, torí ọgbẹ́ kékeré kì í fara hàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ ṣì kéré, bọ́ọ̀lù kàn ń ta á pó, pó, pó, títa kọ̀ọ̀kan sì ń mú irin dún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún Hz bí agogo tí wọ́n lù. Ohùn agogo yẹn lẹ máa wá. Ẹ de ẹ̀rọ gidi tó ń wọn gbígbọ̀n mọ́ ilé bẹ́árìn pẹ̀lú bóòtù tàbí mágínẹ́ẹ̀tì líle, ẹ má fọwọ́ dì í mú. Ẹ ka á ní ìgbà 25,600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, kí asẹ́ tó ń dènà ayédèrú sì wà ṣáájú kíkà. Lẹ́yìn kíkà, ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi asẹ́ mú láti 2,000 dé 8,000 Hz, ẹ sọ gbogbo ìdajì òdì rẹ̀ di rere, ẹ yọ ìgbì kíákíá kúrò kó ku ìrísí òkè rẹ̀ nìkan, kí ẹ wá ṣe FFT ìrísí yẹn fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ó kéré tán. 86 á yọ níbẹ̀, pẹ̀lú 172 àti 258. Bó bá jẹ́ òrùka inú ni, ẹ ó rí 130 pẹ̀lú àwọn ṣóńṣó kéékèèké ní 106 àti 154 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ náà ń bá ọ̀pá yí, ó ń wọ abẹ́ ẹrù, ó ń jáde. Bọ́ọ̀lù máa ń yọ̀ díẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí 85 dípò 86, ẹ má dààmú.

Iṣẹ́ àṣekágbá ni mò ń ṣe ní yunifásítì ní Akọkà. Mo fi ẹ̀rọ tó ń wọn títẹ̀ omi sínú ọ̀sà, ó ka gíga omi ní wákàtí wákàtí fún ọjọ́ mẹ́wàá. FFT fún mi ní ṣóńṣó fífẹ̀ kan ní nǹkan bíi wákàtí 12. Ọ̀gá mi ní kí n ya ti òṣùpá kúrò lára ti oòrùn. Mo fi òdo kún dátà náà títí ó fi di ọgọ́ta ọjọ́. Àwòrán ti dán, ṣùgbọ́n ṣóńṣó kan náà ni. Bátìrì tún kú fún wákàtí mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kẹfà. Ẹ gbà mí.

Kíkún àti fífà omi tí òṣùpá ń fà, tí a ń pè ní M2, ń padà wá ní wákàtí 12.42. Ti oòrùn, S2, ń padà ní wákàtí 12.00. Bí méjèèjì bá jọ gbéra lọ́jọ́ kan, ọjọ́ 14.77 ni yóò gbà kí wọ́n tó tún pàdé. Àwọn apẹja Màkókò mọ ọjọ́ yẹn láìka wákàtí kankan: ìgbà tí òṣùpá bá lé àti ìgbà tó bá kún, tí omi ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó sì ń fà jù pẹ̀lú. Nínú ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn méjèèjì kò tíì yà kúrò lára ara wọn tán. Ẹ̀rọ yín kò tíì rí i kí wọ́n pàdé, kí wọ́n yà, kí wọ́n tún pàdé.

Òdo tí ẹ fi kún un kò mú ìròyìn tuntun wá. Ṣe ni ó tún ilà kan náà fà pẹ̀lú àmì tó pọ̀ sí i. Ẹ lè lò ó láti mọ ibi tí orí ṣóńṣó kan ṣoṣo wà gan-an, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ̀kan di méjì.

Bí ẹ bá lè padà sínú omi, ẹ gba ọjọ́ 15 ó kéré tán. Ọjọ́ 30 ló tẹ́ wa lọ́rùn, torí ẹ ó rí ìpàdé méjì, ìjì kan tàbí òjò ńlá kan kò sì ní ba iṣẹ́ jẹ́. Èyí á tún ya K1, ìgbì ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó ń padà ní wákàtí 23.93, kúrò lára O1, èkejì rẹ̀ tó ń padà ní wákàtí 25.82, tí ọjọ́ 13.66 tó fún. Ẹ má gbìyànjú láti ya K1 kúrò lára P1, tàbí S2 kúrò lára K2, àwọn ìgbì tó sún mọ́ wọn pẹ́kípẹ́kí: bíi ọjọ́ 183 ni ìyẹn ń gbà. Bí ẹ kò bá lè padà, ẹ wá ibùdó ìwọ̀n omi tó wà nítòsí tó ti pẹ́, ẹ gba ìpín S2 sí M2 níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàtọ̀ àkókò wọn, ẹ so ti yín mọ́ ọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín gbangba pé ẹ yá a ni.

Ní ti bátìrì tó kú, ẹ má fi òdo sí àlàfo náà, torí ẹ ti gbẹ́ kòtò sínú ọ̀sà nìyẹn, FFT á sì tú kòtò náà palẹ̀ sí gbogbo fíríkúẹ́ǹsì. Ẹ má sì fi rúlà so ìkángun méjèèjì pọ̀: láàárín wákàtí mẹ́sàn-án, omi ti lè kún kó sì ti fà. Ẹ pa FFT tì fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ti mọ fíríkúẹ́ǹsì tí ẹ ń wá. Ẹ kọ ìgbì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí cosine àti sine, kí ẹ fi least squares, ìṣirò tó ń wá ìgbì tó bá dátà mu jù, wá gíga wọn. Ọ̀nà yìí kò bìkítà bóyá wákàtí kan sọnù. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí kùrukùru máa ń dí lójú ní ohun tó jọ ọ́, tí Lomb gbé jáde lọ́dún 1976, tí Scargle sì tún ṣe lọ́dún 1982. Ẹ ó nílò rẹ̀ bí ẹ bá ń wá ìgbà tí ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ yọ ìpíndọ́gba kúrò àti ìgòkè díẹ̀díẹ̀ tí òjò àti omi Odò Ògùn ń fà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun ńlá kan á dúró sórí òdo, á sì bo àwọn kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ yín ń wọn títẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí kò ní ihò sí afẹ́fẹ́, ìṣòro kan wà níbẹ̀ tó ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Títẹ̀ afẹ́fẹ́ tó bá fi 1 hPa yí padà máa ń fara hàn bíi sẹ̀ǹtímítà kan omi. Ní ìhà tiwa yìí lágbàáyé, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nǹkan bíi 1 hPa sókè, 1 hPa sísàlẹ̀, ní wákàtí 12 géérégé. Orí S2 gan-an ló ń bọ́ sí. Ẹ ó máa yin oòrùn fún iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ṣe. Ẹ gbé bàrómítà sí orí ilẹ̀, kí ó máa kà lásìkò kan náà, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Ẹ wọn iyọ̀ inú omi náà pẹ̀lú. Omi òjò jẹ́ nǹkan bíi kílógíráàmù 1,000 nínú mítà onígun mẹ́ta, omi òkun jẹ́ 1,025, ọ̀sà sì ń rìn láàárín méjèèjì láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lórí omi mítà méjì, ìyàtọ̀ yẹn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ní ìparí, ìgbì ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá kọjá, ó ń dá ìgbì tó ń padà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀yin ń kà lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí. Ohun tí a sọ fún ọ̀gá Ìlúpéjú kàn yín gbọ̀ngbọ̀n: ìgbì yẹn á ṣẹ́rí wọ inú dátà yín ní ayédèrú, kò sì sí asẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè dá a mọ̀. Asẹ́ tí ẹ nílò wà lọ́jà àwọn tó ń ta páìpù. Ẹ ra PVC tó fẹ̀ tó mílímítà 100, ẹ dí ìdí rẹ̀, ẹ lu ihò kan ṣoṣo tó tó mílímítà 10 sí i nísàlẹ̀, ẹ gbé e ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó afárá, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Omi tó ń kún fún wákàtí mẹ́fà á rí àyè gba ihò yẹn wọlé. Ìgbì ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kò ní rí àyè. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kó ka ìgbà púpọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó kọ ìpíndọ́gba wọn sílẹ̀. Ẹ máa ha ihò náà lọ́sẹ̀ méjì méjì, torí ohun ẹlẹ́mìí máa ń hù dí i. Bó bá dí, omi inú páìpù á kéré sí ti ìta, á sì máa pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì rò pé bí ọ̀sà ṣe rí nìyẹn.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Súrùlérè. Àwọn ọmọ wa fi CD àti páálí ṣe ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀. Iyọ̀ lórí iná gáàsì fún wọn ní ilà àwọ̀ ìyeyè kan, ìwé sì ní méjì ni. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ò tiẹ̀ fún wọn ní ilà kankan.

Ilà sodium méjèèjì wà ní nanomítà 589.0 àti 589.6. Láti yà wọ́n, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kan nǹkan bí ipa 1,000 (ojú ọ̀nà tín-ín-rín tó yí díìsìkì ká) lára díìsìkì. Ipa tó pọ̀ níbí dà bí ìgbọ́ tó pẹ́ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́. Ipa CD fi máíkírómítà 1.6 jìnnà síra, nítorí náà mílímítà 1.6 lára CD ti tó. Kì í ṣe CD ló kùnà, ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni. Nínú páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ìyàtọ̀ ilà méjèèjì kò ju mílímítà 0.12 lọ. Bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ la páálí ní mílímítà kan, ilà kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ju ìyàtọ̀ wọn lọ.

Ẹ lo DVD dípò CD. Ipa rẹ̀ fi 0.74 jìnnà síra, ó sì ń ya ilà méjèèjì títí dé mílímítà 0.4, ní igun tó tó ìwọ̀n 53 dípò 22. Ẹ to abẹ́ felefele méjì kojú ara wọn, ẹ fi bébà ìwé àjákọ kan sáàárín wọn kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fa bébà náà yọ: nǹkan bíi mílímítà 0.1 nìyẹn. Ẹnu abẹ náà gbọ́dọ̀ bá ipa díìsìkì dọ́gba. Ìpín iyọ̀ kékeré ni kí ẹ lò. Bó bá pọ̀ jù, ilà á fẹ̀, àárín rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì fóònù kò ní ilà nítorí pé ohun líle ló ń tàn níbẹ̀, kì í ṣe gáàsì: òkìtì búlúù kan láti ara LED ní nǹkan bíi 450, àti òkìtì ìyeyè fífẹ̀ kan láti ara ìyẹ̀fun tó bò ó. Ẹ wá gílóòbù aláfẹ́fẹ́ onímẹ́kúrì àtijọ́. Ilà rẹ̀ ní 435.8 àti 546.1 ni kí ẹ fi ṣe rúlà fún àwọn ọmọ. Wọn ò gbọdọ̀ kọ ojú ẹ̀rọ náà sí oòrùn. Ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ti tó láti rí àwọn ilà dúdú tí Fraunhofer ṣe àkọsílẹ̀ wọn lọ́dún 1814.

Mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè. Mo gba ohùn ìyá àgbà mi sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì. Praat, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wọn ohùn ọ̀rọ̀, ń fo ohùn wọn sókè ní ìlọ́po méjì níbì kan, ó sì ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ nù ní ìparí gbólóhùn.

Ètò àjà àti ilẹ̀, ìyẹn ohùn tó ga jù àti èyí tó rẹlẹ̀ jù tí Praat ń wá, ni kí ẹ wò. Bí Praat bá ń lo ọ̀nà autocorrelation, tó ń fi ohùn wé ara rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ gùn tó ìgbì mẹ́ta ti ohùn tó rẹlẹ̀ jù tí ẹ gbà á láyè. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ 75 Hz, ó jẹ́ ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ohùn àgbà lè há ní ìparí gbólóhùn kó sì rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ilẹ̀ wá sí 60, fèrèsé á wá di 50. Ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ jù, torí sílébù kúkúrú tó ń bọ́ láti àárín sí ìsàlẹ̀ á wọ́ lọ bí ohùn kan ṣoṣo. Fún fífò ìlọ́po méjì, ẹ sọ àjà kalẹ̀ sí 350.

Bí iyè méjì bá ṣì wà, ẹ gbé gígùn fèrèsé àwòrán sípẹ́kítírọ̀mù láti 0.005 sí 0.03 ìṣẹ́jú-àáyá. Àwọn ìlọ́po ohùn náà á wá tò bí àkàbà. Ẹ ka ìkẹwàá, ẹ fi mẹ́wàá pín in. Bí ìkẹwàá bá wà ní 1,850, 185 Hz ni ohùn náà, ohunkóhun tí ilà pitch bá ń wí. Ẹ fi sẹmitóònù, ìṣísẹ̀ tó kéré jù lórí dùùrù, wọn òkè àti ìsàlẹ̀ láti orí ohùn àárín ìyá àgbà fúnra wọn, torí ohùn òkè ìparí gbólóhùn lè rẹlẹ̀ ju òkè ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Àwọn ilà gbọọrọ tó nà láìtẹ̀ ní 150 àti 200 nínú àwòrán yín kì í ṣe ohùn ìyá àgbà, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ni, ó sì wà láàárín ohùn wọn gan-an. Ẹ padà lọ gba á ní ìdájí, kí ọjà tó ṣí, sínú fáìlì WAV, kí ẹ sì pa ètò tó ń dín ariwo kù lórí fóònù.